Overland Train, Ọkọ̀ Ogun Orí Táyà Tó Gùn Jù Láyé: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ohun Tó Ṣẹ́ Kù Lára Rẹ̀

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí àwòrán ọkọ̀ yìí máa ń rò pé ayédèrú àwòrán ni. Kì í ṣe ayédèrú. Wọ́n ṣe é, ó rìn, wọ́n dán an wò, wọ́n tà á, wọ́n sì gé e. Àwọn ìbéèrè tí àwọn èèyàn máa ń béèrè jù lórí rẹ̀ ni mo kó jọ síbí. Mo máa sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn ológun ti kẹ̀yìn sí i ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn bá lọ jù. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ká mi lára.

Ọkọ̀ wo gan-an là ń sọ?

TC-497 Overland Train Mark II ni orúkọ tí wọ́n kọ sínú ìwé. Ọkọ̀ ẹrù ni, ilé-iṣẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ ti Amẹ́ríkà ló ní kí wọ́n ṣe é. Wọ́n parí rẹ̀ lọ́dún 1961, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò ní Yuma Proving Ground, ní aṣálẹ̀ ìpínlẹ̀ Arizona, lọ́dún 1962. Orí kan ló wà níwájú tó ń darí, àwọn ọkọ̀ ẹ̀yìn sì so kọ́ra wọn tẹ̀ lé e bíi ti rélùwéè. Àmọ́ kò sí ojú irin tó ń gùn. Ilẹ̀ gbalasa, iyanrìn àti yìnyín ni wọ́n ṣe é fún.

Láti orí dé ìdí, ẹsẹ̀ bàtà 572 ni, ìyẹn bíi mítà 174. Táyà 54 ló ní, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó kàn ń yí lásán: gbogbo wọn ló ń ti ọkọ̀ náà lọ. Táyà kọ̀ọ̀kan ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10. Kí ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan dúró tì í, díẹ̀ ni orí rẹ̀ máa fi kọjá àárín táyà, ibi tí nọ́ọ̀tì wà. Ó lè gbé ẹrù tọ́ọ̀nù 150, kó sì máa sáré máìlì 20 ní wákàtí kan.

Ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe.

Ta ló ṣe é?

R. G. LeTourneau ni, ní ilé-iṣẹ́ rẹ̀ tó wà ní Longview, ìpínlẹ̀ Texas. Ọdún 1888 ni wọ́n bí i ní Vermont, ó sì kú lọ́dún 1969. Kò kàwé púpọ̀, ọmọdé ló ti kúrò ní ilé-ìwé, síbẹ̀ òun ló dá ọ̀pọ̀ nínú àwọn katakata àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kó yẹ̀pẹ̀ sílẹ̀, èyí tí gbogbo ayé ń lò lóde òní. Àwọn onígbàgbọ́ míì mọ̀ ọ́n ju àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ lọ, nítorí òun ni oníṣòwò tó ń fi ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá owó tó ń wọlé fún un ṣe iṣẹ́ Ọlọ́run, tó sì ń gbọ́ bùkátà ara rẹ̀ nínú ìdá kan tó kù. Ó mú ẹ̀rọ rẹ̀ wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pàápàá: láàárín àwọn ọdún 1950, ó dá ibùdó kan tó pè ní Tournata sílẹ̀ ní Liberia, níbi tí wọ́n ti ń ro igbó, tí wọ́n sì ń wàásù.

Ní 1953, ó ta ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ rẹ̀ tó ń ṣe ẹ̀rọ ìkóyẹ̀pẹ̀ fún Westinghouse Air Brake, wọ́n sì jọ ṣe àdéhùn pé kò ní ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Ọwọ́ rẹ̀ kò lè dilẹ̀. Inú àwọn ọdún yẹn ló ti gbájú mọ́ ọkọ̀ ńláńlá tí iná mànàmáná ń yí táyà wọn, ibẹ̀ ni Overland Train ti wá.

Kí ni àwọn ológun fẹ́ fi í ṣe?

Ẹ rántí pé ìjà abẹ́lẹ̀ ń lọ láàárín Amẹ́ríkà àti Sófíẹ́ẹ̀tì nígbà náà. Ẹ̀rù ń ba Amẹ́ríkà pé bàálù tó ń ju bọ́ǹbù lè gba òkè àríwá ayé wọlé. Wọ́n wá to àwọn ibùdó rédà gba Alaska, Kánádà dé Greenland. DEW Line ni wọ́n pè é, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1957. Ibi tí wọ́n kọ́ ọ sí kò lọ́nà, kò ní afárá, yìnyín ló bò ó láti oṣù dé oṣù. Ta ló máa gbé irin, sìmẹ́ǹtì, epo àti oúnjẹ débẹ̀? Tírélà kò lè dé ibẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi kò lè dé ibi púpọ̀, bó bá sì lè dé, ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ tí yìnyín fi ń yọ́ ló ní. Ọkọ̀ tí kò nílò ọ̀nà ni wọ́n ń wá.

Báwo ló ṣe ń rìn? Wọ́n ní kò ní gíà.

Òótọ́ ni, kò ní. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ LeTourneau, torí náà ẹ gbà mí láyè kí n tú u palẹ̀.

Nínú tírélà tí a mọ̀, ẹ́ńjìnnì máa yí, agbára rẹ̀ á gba inú gíà, á gba irin gígùn abẹ́ ọkọ̀, á wá dé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Bí táyà tó ń gba agbára bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni irin ṣe máa pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tó lè ṣẹ́ ṣe máa pọ̀ tó. Táyà 54 lọ́nà yìí? Kò ṣeé ronú kàn. Ohun tí LeTourneau ṣe ni pé ó sọ ẹ́ńjìnnì di jẹnẹrétọ̀. Bí jẹnẹrétọ̀ kan lẹ́yìnkùlé ṣe ń gbé fáànù mẹ́wàá nínú yàrá mẹ́wàá láìsí pé irin kankan so wọ́n pọ̀, àfi wáyà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe é. Ó fi mọ́tò iná kọ̀ọ̀kan sínú ihò àárín táyà kọ̀ọ̀kan, ó wá fa wáyà nínípọn láti orí ọkọ̀ dé ìdí. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọkọ̀ náà gùn sí i, ẹ so ọkọ̀ ẹ̀yìn mìíràn mọ́ ọn. Bí iná kò bá tó, ẹ so ọkọ̀ tó ru ẹ́ńjìnnì mọ́ ọn.

Ẹ́ńjìnnì tọ́báìnì mẹ́rin, irú èyí tó ń ṣiṣẹ́ bíi ti bàálù, ló ń pèsè iná náà. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Solar ló ṣe wọ́n, agbára ẹṣin 1,170 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan wà nínú orí, àwọn yòókù wà lẹ́yìn. Tọ́báìnì fúyẹ́ ju dísẹ́ẹ̀lì lọ, ohun tí wọ́n rí rò nìyẹn, ṣùgbọ́n ọ̀mu epo ni. Epo tó gbé lè mú un rin bíi 600 kìlómítà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú.

Nínú orí ọkọ̀ náà, ibi ìsùn wà fún èèyàn mẹ́fà, ilé ìdáná wà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Wọ́n gbé rédà kékeré sórí rẹ̀ kí awakọ̀ lè rí iwájú nígbà tí yìnyín tàbí eruku bá bo ojú. Ilé lórí táyà ni ká kúkú pè é.

Ọkọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀, báwo ló ṣe ń yà?

Ọkọ̀ ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ń ya táyà tirẹ̀, ó sì ń tẹ ibi tí èyí tó wà níwájú rẹ̀ ti tẹ̀. Bí orí bá yí òkúta ká, ìdí náà máa yí i ká síbi kan náà.

Ṣé ó kùnà ni wọ́n ṣe pa á tì?

Rárá. Ohun tí mo máa ń bá àwọn èèyàn jiyàn lé lórí jù nìyí. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ṣe. Ó gbé ẹrù, ó rìn nínú aṣálẹ̀, ó fi hàn pé èèyàn lè kó tọ́ọ̀nù 150 gba ibi tí kò lọ́nà. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ayé yí padà nígbà tó ń lọ́wọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1962, ọdún kan náà tí wọ́n ń dán an wò ní Yuma, hẹlikọ́pítà Sikorsky S-64 Skycrane gbéra fún ìgbà àkọ́kọ́. Èyí tí àwọn ológun rà, tí wọ́n pè ní CH-54, ń gbé bíi tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án ní ẹ̀ẹ̀kan. Kékeré nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ 150. Àmọ́ hẹlikọ́pítà kì í bá odò pàdé, kì í bá àfonífojì pàdé, wákàtí díẹ̀ ló sì fi máa dé ibi tí ọkọ̀ yìí máa fi ọjọ́ lọ. Yàtọ̀ sí èyí, wọ́n ti kọ́ DEW Line tán láti 1957. Iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ irú ọkọ̀ yìí ti parí kí wọ́n tó parí ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé ó kùnà kò ṣe ẹ̀tọ́ fún un. Kò ríṣẹ́ mọ́ ni.

Lẹ́yìn tí ìdánwò parí, kí ni wọ́n ṣe é?

Wọ́n gbé e jókòó ní Yuma. Kò sí ẹ̀ka ológun tó fẹ́ ẹ, kò sì sí ẹni tó láyà láti sọ pé kí wọ́n jù ú nù. Ní 1969, ìjọba gbé e síta fún títà ní mílíọ̀nù kan àti ẹgbàá lọ́nà igba dọ́là ($1.4 mílíọ̀nù). Kò sẹ́ni tó rà á. Ta ni ìbá rà á? Ilé-iṣẹ́ tó ń wa epo tàbí tó ń wa kùsà nìkan ló lè rí ohun fi í ṣe, àwọn yẹn sì mọ̀ pé kò sí ẹ̀yà ara rẹ̀ ní ọjà, kò sí mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí àwọn tó ṣe é, ẹni tó ṣe é, LeTourneau, sì jáde láyé lọ́dún yẹn gan-an.

Ẹni tó bá mọyì wúrà là á tà á fún, wọ́n ní. Ẹni tó mọyì rẹ̀ kò yọjú, àwọn tó ń ra irin àlòkù ló yọjú.

Kí ló dé tó jẹ́ orí nìkan ló ṣẹ́ kù?

Ọkọ̀ ẹ̀yìn jẹ́ irin àti alumíníọ̀mù gbalaja, ó rọrùn láti gé, ó rọrùn láti wọ̀n, ó sì ní iye tí wọ́n ń ra kílò rẹ̀. Inú mọ́tò iná pàápàá, kópà ló kún ibẹ̀. Onírin àlòkù kan ládùúgbò ló kó wọn lọ. Bí ẹ bá ti rí bí àwọn tó ń ra irin ṣe ń tú ọkọ̀ palẹ̀, ẹ mọ̀ pé wọn kì í fi ẹyọ nọ́ọ̀tì sílẹ̀. Wọn kò ṣẹ̀ o. Iṣẹ́ wọn ni wọ́n ṣe, ìwé títà wà lọ́wọ́ wọn.

Orí ọkọ̀ náà ni kò bá wọn lọ. Ó wà ní Yuma Proving Ground títí di òní, lára àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí Heritage Center ibẹ̀ ń tọ́jú. Táyà mẹ́fà rẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹni tó bá rí orí yẹn lónìí kò lè mọ ohun tó sọnù. Ó máa rí ọkọ̀ ńlá kan, á ya fọ́tò, á sì máa lọ. Ohun ìyanu tó wà nínú TC-497 kì í ṣe orí, gígùn rẹ̀ ni: bí ìdí ṣe ń tẹ ojú ẹsẹ̀ orí, bí iná kan ṣe ń yí táyà 54. Bí wọ́n bá fi ọkọ̀ ẹ̀yìn méjì péré sílẹ̀, ọmọ ilé-ìwé tó bá lọ síbẹ̀ ìbá rí i bí wáyà ṣe so wọ́n pọ̀, kò ní nílò ẹni tó máa ṣàlàyé. Owó tí wọ́n rí lórí ọkọ̀ ẹ̀yìn méjì kò lè tó ohun tí wọ́n fi pa ìmọ̀ yẹn.

Ṣé òun nìkan ni LeTourneau ṣe nírú rẹ̀?

Ó ní àwọn ẹ̀gbọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ibi tí ọ̀nà gbé e lọ.

Èyí tó jẹ́ ti aládàáni nínú wọn ni VC-22 Sno-Freighter. Alaska Freight Lines ló ní kí wọ́n ṣe é ní 1955, láti kó ẹrù DEW Line. Ọkọ̀ mẹ́fà so pọ̀, táyà 24, gígùn rẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 274, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì Cummins méjì ló ń pèsè iná. Ó ṣiṣẹ́ gidi nínú yìnyín, kò pẹ́ tí iná fi jó o lójú iṣẹ́. Wọ́n wọ́ ọ padà, wọ́n sì fi í sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Steese, nítòsí ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Fox ní Alaska. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wà níbẹ̀ láàárín igi, òjò ń rọ̀ sí i, yìnyín ń bò ó. Ọ̀pọ̀ àwòrán tí ẹ máa ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń pè ní Overland Train tí wọ́n pa tì sínú igbó, òun ni, kì í ṣe TC-497. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n da àwọn méjèèjì pọ̀ mọ́ yín lójú.

Ìkejì ni LCC-1 Sno-Train, ti àwọn ọmọ ogun fúnra wọn. Orí kan àti ọkọ̀ ẹ̀yìn mẹ́ta, táyà 16, ẹrù tọ́ọ̀nù 45. Orí yìnyín Greenland ni wọ́n ti lò ó láti 1956, ó sì ṣe wọ́n láǹfààní fún ọdún bíi mélòó kan. Nígbà tí wọ́n lò ó tán, orí rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ àwọn oníirin, ó sì dé Yukon Transportation Museum ní Whitehorse, Kánádà. Nínú gbogbo ìdílé yìí, òun ni mo máa ní kí ẹni tí kò lè rí ju ọ̀kan lọ lọ wò. Ọkọ̀ tó ṣiṣẹ́ gan-an ni, inú òtútù tí wọ́n ṣe é fún náà ló sì jókòó sí.

VC-12 Tournatrain àti TC-264 Sno-Buggy wà ṣáájú wọn, ọkọ̀ tí wọ́n fi kẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n.

Táyà ńlá wọ̀nyẹn ńkọ́? Mo gbọ́ pé wọ́n wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ míì.

Bẹ́ẹ̀ ni. Ní 1986, Bob Chandler, ọkùnrin tó dá ọkọ̀ eré Bigfoot sílẹ̀ ní ẹkùn St. Louis, ṣe Bigfoot 5. Táyà ẹsẹ̀ bàtà 10 ló fi sí i, táyà Firestone tó wá láti ara ọkọ̀ LeTourneau tí àwọn ọmọ ogun fi ń rìn nínú yìnyín. Ọgbà irin àlòkù ló ti rà wọ́n. Ìwé Guinness kọ Bigfoot 5 sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi pick-up tó ga jù láyé.

Àwọn kan máa ń bínú sí èyí, wọ́n ní wọ́n sọ ohun ogun di ohun ìran. Èmi kò bínú sí i rárá. Táyà yẹn ìbá ti jóná, tàbí kó jẹrà. Ní báyìí, àwọn ọmọdé ń dúró sínú ihò rẹ̀ ya fọ́tò, àwọn tó ń bi òbí wọn pé níbo ni táyà yìí ti wá kò sì kéré. Ẹni tó rà á mọ ohun tó rà, ó sì ń tọ́jú rẹ̀. Ó ṣe jù ohun tí ìjọba ṣe fún àwọn ọkọ̀ ẹ̀yìn TC-497 lọ.

Ṣé ọgbọ́n inú rẹ̀ kú pẹ̀lú rẹ̀?

Kò kú rárá. Mọ́tò iná inú táyà kò kúrò ní Longview. Ilé-iṣẹ́ tí LeTourneau fi sílẹ̀ ń fi í ṣe payloader ńlá tí wọ́n ń lò níbi ìwakùsà. Èyí tó tóbi jù nínú wọn, L-2350, ń bu nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 72 ní ẹ̀ẹ̀kan. Dísẹ́ẹ̀lì ń yí jẹnẹrétọ̀, jẹnẹrétọ̀ ń fún táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níná, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Yuma. Ilé-iṣẹ́ náà ti gba ọwọ́ olówó kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn: Joy Global rà á ní 2011, Komatsu sì ra Joy Global ní 2017. Payloader náà ń lọ.

Orí òkun náà ni ọgbọ́n yẹn dé. Pèpéle ìwakùsà epo tó ń fẹsẹ̀ dúró nínú òkun, tí LeTourneau kọ́ fún Zapata, ilé-iṣẹ́ George H. W. Bush kó tó di olóṣèlú, ní 1956, mọ́tò iná ló ń gbé e gun ẹsẹ̀ rẹ̀. Scorpion ni orúkọ rẹ̀.

Ṣé Amẹ́ríkà nìkan ló ní irú òkú ọkọ̀ ogun bẹ́ẹ̀?

Rárá o. Sófíẹ́ẹ̀tì náà ní tirẹ̀: MAZ-7907, tí wọ́n ṣe ní Minsk lọ́dún 1985 láti gbé ohun ìjà rọ́kẹ́ẹ̀tì. Táyà 24, gbogbo wọn ń gba iná, tọ́báìnì agbára ẹṣin 1,250 ló ń pèsè rẹ̀. Méjì péré ni wọ́n ṣe. Nígbà tí Sófíẹ́ẹ̀tì tú ká, rọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fẹ́ fi gbé kò sí mọ́, wọ́n gbé méjèèjì tì.

Ṣùgbọ́n ní 1996, wọ́n ní láti gbé odidi ọkọ̀ ojú omi kan láti odò Berezina lọ sí adágún Naroch ní Belarus. Kò sí tírélà tó tó o. Wọ́n bá jí MAZ-7907 kan dìde, ó gbé ọkọ̀ ojú omi náà gba orí ilẹ̀ débẹ̀. Ìgbà tí ọkọ̀ ogun náà ṣe iṣẹ́ gidi jù láyé rẹ̀ nìyẹn, iṣẹ́ àlàáfíà sì ni. Ọ̀kan ti di irin àlòkù lẹ́yìn náà, èkejì ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe é tún kùn, wọ́n sì gbé e sí ibi ìṣẹ̀ǹbáyé tiwọn.

Ẹ wo ìyàtọ̀ yẹn: ní Minsk, àwọn tó ṣe é ṣì wà nítòsí, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe lè jí i. Ní Yuma, Texas jìnnà.

Ṣé wọ́n lè tún TC-497 ṣe kó tún rìn?

Orí nìkan? Bí owó bá wà, tí wọ́n sì rí tọ́báìnì, mo gbà pé onímọ̀ ẹ̀rọ tó mọṣẹ́ lè mú un sún. Ṣùgbọ́n mi ò ní gbà wọ́n níyànjú. Wáyà tó ti wà nínú oòrùn láti 1962 gbọ́dọ̀ jáde pátá, rọ́bà gbọ́dọ̀ jáde, ohun púpọ̀ tó jẹ́ ti àtètèkọ́ṣe ló máa bá wọn lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n fi owó náà ṣe ni kí wọ́n ta òrùlé lé e lórí, kí wọ́n sì kun gígùn rẹ̀ àtijọ́ sórí ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, mítà 174 gbáko, kí ẹni tó bá wá lè fẹsẹ̀ rìn ín.

Mo fẹ́ lọ wò ó. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Amẹ́ríkà, Yuma wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Arizona, nítòsí ààlà Mẹ́síkò àti California. Ọgbà ológun ni Yuma Proving Ground jẹ́, nítorí náà ẹ pe Heritage Center kí ẹ tó gbéra, kí ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí àti ìwé ìdánimọ̀ tí wọ́n máa bi yín ní ẹnu ọ̀nà. Ẹ má lọ láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án bí ẹ bá lè yẹ̀ ẹ́, oòrùn ibẹ̀ kì í ṣe èyí tí a mọ̀ nílé. Ẹ gbé omi dání. Bí ẹ bá dé ìdí rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo àárín táyà dáadáa, nítorí inú ihò yẹn ni mọ́tò iná náà wà. Àwọn tó wà ní Kánádà, Whitehorse ló yá fún yín. Ìgbà ooru ni kí ẹ lọ.